Ẹ̀jẹ̀ Nídìí Bàtà Tráníò

Ìpàkọ́ rẹ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ rí. Sábídíù oníbàtà dojú bolẹ̀ nínú kòtò tó fi ń rẹ awọ, apá rẹ̀ méjèèjì nà gbalaja lórí omi èèpo igi óákù. Nígbà tí wọ́n yí i padà, ọ̀fun rẹ̀ là láti etí kan dé èkejì, eegun ọrùn sì yọjú. Ọ̀bẹ ìgé-awọ tirẹ̀ fúnra rẹ̀, èyí tí ẹnu rẹ̀ tẹ̀ bí oṣù tuntun, ni wọ́n fi dú u. Ó ṣì wà nílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpótí iṣẹ́.

Ọjọ́ ọdún Mínẹ́fà ni, òrìṣà àwa oníṣẹ́ ọwọ́ Róòmù, ọjọ́ tí aránbàtà kankan kì í fọwọ́ kan abẹ́rẹ́. Sábídíù ti ra wáìnì àti ẹran ẹlẹ́dẹ̀ fún àwọn ẹrú rẹ̀, wọ́n ń jẹ, wọ́n ń mu, wọ́n ń kọrin nínú àgbàlá iwájú láti ọ̀sán. Òun nìkan ló padà sí ẹ̀yìnkùlé, nítorí awọ kan wà tó ní kò lè dúró de ọ̀la. Oòrùn ń wọ̀ nígbà tí Tráníò, ẹrú tó ń bójú tó kòtò awọ, gbé abọ́ ẹran lọ fún un. Igbe rẹ̀ dé etí odò Tíbérì.

Ládùúgbò wa lódìkejì odò, òórùn awọ là ń jí gbọ́, òun náà là ń gbọ́ sùn, àwọn ọlọ́lá a sì máa di imú bí wọ́n bá wá ra bàtà lọ́wọ́ wa. Lọ́jọ́ náà, kò sẹ́ni tó rántí òórùn. Òfin Róòmù sọ pé bí wọ́n bá pa olówó ẹrú nínú ilé ara rẹ̀, gbogbo ẹrú tó wà lábẹ́ òrùlé náà ni yóò kú, ẹni tó mọ̀ àti ẹni tí kò mọ̀, nítorí pé wọn ò gbà á sílẹ̀. Róòmù ni wọ́n bí mi sí, mo sì dàgbà tó láti sọ ọ́ lójú ẹnikẹ́ni pé òfin ìkà ni. Ẹrú mọ́kàndínlógún ló wà nílé Sábídíù. Ọ̀kan nínú wọn, obìnrin kan tó ń jẹ́ Hédónè, wà nínú oyún oṣù méje.

Balógun ọ̀rún kan nínú àwọn ẹ̀ṣọ́ ìlú ni wọ́n gbé ọ̀rọ̀ náà lé lọ́wọ́. Kosútíù lorúkọ rẹ̀, ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ tí ojú rẹ̀ mú bí abẹ, ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ apárí tí kì í pariwo. Ẹrú aránbàtà ni bàbá rẹ̀ kó tó gba òmìnira, àwọn tó kórìíra rẹ̀ kì í sì í jẹ́ kó gbàgbé. Pẹ́tù, igbákejì rẹ̀, ti débẹ̀ ṣáájú. Ó ti to àwọn ẹrú lórí ìkúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ó sì ti fi kùmọ̀ fọ́ ẹnu ẹni méjì.

"Iṣẹ́ ti parí, ọ̀gá," ni Pẹ́tù wí. "Ẹ wá wò ó."

Ipa bàtà ló fi hàn án. Ó bẹ̀rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpótí iṣẹ́ níbi tí ẹ̀jẹ̀ ti pọ̀ jù, ó gba ibi tí wọ́n ti wọ́ òkú náà lọ sínú kòtò, ó sì parí sídìí ògiri, níbi tí bàtà iṣẹ́ kan dúró sí. Awọ màlúù tó nípọn ni wọ́n fi ṣe é, ìṣó irin olórí rìbìtì ló sì kún ìdí rẹ̀. Ládùúgbò wa, oníkálukú ló ń kan ìṣó tirẹ̀ bó ṣe wù ú, kí ẹnikẹ́ni má bàa gbé bàtà oníbàtà. Ti bàtà yìí yí gìgísẹ̀ po, pẹ̀lú ẹyọ kan láàárín, bí ojú ẹyẹ. Ojú ẹyẹ kan náà ló wà nínú ẹ̀jẹ̀.

"Bàtà Tráníò," ni Pẹ́tù wí. "Ẹrú kan ló ń mú ni bú igba ẹrú. Tàwọn yìí tiẹ̀ sàn, mọ́kàndínlógún péré ni wọ́n."

Kosútíù kò rẹ́rìn-ín. Ó wo ipa náà pẹ́, ó rí i pé ó ń wọ́ nílẹ̀ bí ti ẹni tí bàtà rẹ̀ fẹ́ bọ́. Ó ti ọwọ́ bọ inú bàtà. Omi ṣì wà nínú rẹ̀. Ó fa ọwọ́ yọ, ó wo orí ìka rẹ̀, ó fi nu ògiri. Lẹ́yìn náà ló tẹ̀ ba, ó sì fa nǹkan kan jáde lábẹ́ àpótí iṣẹ́: okùn bàtà náà, tí wọ́n so ní kókó gírígírí, tí wọ́n sì fi ọ̀bẹ gé lẹ́gbẹ̀ẹ́ kókó.

"Ìwọ, dìde," ó pe Tráníò. "Ìgbà wo lo bọ́ bàtà yìí?"

"Lánàá ni, ọ̀gá mi. Mo kan ìṣó tuntun sí i, mo wá rẹ ẹ́ sómi kòtò kí awọ rẹ̀ lè dẹ̀. Àárọ̀ yìí ni mo yọ ọ́, mo gbé e síbẹ̀. Ẹsẹ̀ lásán ni mo fi ń jó látàárọ̀, gbogbo wọn ló rí mi."

"Gbogbo wọn," ni Pẹ́tù wí. "Àwọn tó fẹ́ kú pẹ̀lú rẹ." Ó fi ẹsẹ̀ gbá a lẹ́nu. Tráníò ṣubú, ó tu eyín méjì sílẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀jẹ̀.

"N kò ní kó o gbá a," ni Kosútíù wí wọ́ọ́rọ́. "Tráníò, mú bàtà kejì tí okùn rẹ̀ ṣì wà, kó o dì í fún mi kí n rí i."

Ẹrú náà gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ sínú bàtà. Ẹsẹ̀ náà dúdú láti ìsàlẹ̀ dé kókósẹ̀ bí ìdí ìkòkò, nítorí bẹ́ẹ̀ ni ẹsẹ̀ gbogbo aláwọ ṣe ń rí. Ó ki okùn bọ ihò kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ bàtà, ó fà á já sí èkejì, ó gbé e gòkè títí, ó sì ta á ní ojóbó kan ṣoṣo tí ọwọ́ kan lè fà tú. Kò ṣi ihò kankan.

"O ti gé okùn bàtà rẹ rí?"

"Kí n gé e kẹ̀? Ọ̀gá, ṣé ẹ̀yin lẹ máa fún mi ní òmíràn?"

Wọ́n mú un lọ. Ẹkún sọ nínú àgbàlá, Pẹ́tù sì ní kí wọ́n panu mọ́, nítorí ẹkún ò tíì tó àkókò.

Lọ́jọ́ kejì, Kosútíù lọ sílé Obélíù, aránbàtà tó mú ilé ti Sábídíù. Gbogbo àdúgbò ló gbọ́ bí ọkùnrin sísanra yìí ṣe dúró sójú pópó láàárọ̀ ọjọ́ ọdún tó ń búra pé òun yóò dú Sábídíù bí ẹran.

"Mo sọ bẹ́ẹ̀, Balógun," ni Obélíù wí. "Ó ń sọ káàkiri pé awọ kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ ni mo fi ń ṣe ìdí bàtà ọmọ ogun. Ṣé ẹ̀yin ò ní bínú?"

"Ṣé awọ kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ ni?"

"Ẹ̀ẹ̀kọ̀ọ̀kan ni."

"Níbo lo wà lọ́sàn-án ọjọ́ ọdún?"

Obélíù tú aṣọ tó fi wé ẹsẹ̀ rẹ̀ ọ̀tún. Ẹsẹ̀ náà wú bí àpò wáìnì, ó pọ́n, ó ń dán. Ó ti tó ọjọ́ mẹ́wàá tí kò ti lè ki í bọ bàtà kankan, kí á má tíì sọ bàtà Tráníò tó jẹ́ ọkùnrin kékeré. Kosútíù fi ọwọ́ kan ẹsẹ̀ náà, Obélíù sì bú ìyá Kosútíù kó tó rántí ẹni tó ń bá sọ̀rọ̀.

"Ẹ má bínú. Ó ń dùn mí dọ́kàn ni. Ẹ gbọ́, ilẹ̀kùn ẹ̀yìnkùlé Sábídíù, láti inú ni wọ́n ń tì í. Àmọ́ tí èèyàn bá ki igi tẹ́ẹ́rẹ́ bọ ihò kan lápá òsì, á ṣí láti ìta. Ẹni tó bá ti kékeré gbébẹ̀ nìkan ló mọ̀ ọ́n. Bí ikú ilé ò bá pa ni, tòde ò lè pa ni. Ẹ ò gbọ́ ọ lẹ́nu mi o."

Nítorí oyún rẹ̀, wọn ò tíì gbé Hédónè lọ sẹ́wọ̀n. Wọ́n fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ dè é mọ́ òpó nínú ṣọ́ọ̀bù, láàárín àwọn awọ tó máa ń rán. Ó gbójú sókè nígbà tí Kosútíù wọlé. Kò sunkún. Ojú rẹ̀ ti gbẹ.

"Ọmọ ta ni?" Kosútíù fi orí tọ́ka sí ikùn rẹ̀.

"Ti olówó mi ni. Ó ní tí ọdún bá ti parí, òun á mú mi lọ síwájú adájọ́, òun á dá mi sílẹ̀, òun á sì fẹ́ mi. Kó tó di pé mo bí, kí ọmọ má bàa jẹ́ ẹrú."

"Ta ló tún gbọ́?"

"Ó sọ fún Rúfínù, ọmọ rẹ̀, lójú mi, lálẹ́ tó ṣáájú ọdún. Mo rò pé á bínú. Ó rẹ́rìn-ín ni. Ó fẹnu ko bàbá rẹ̀ lọ́wọ́, ó wá bi í pé ìgbà wo làwọn ẹrú máa jókòó sídìí wáìnì lọ́jọ́ ọdún. Ọ̀gá, ẹ̀ṣọ́ tó wà lẹ́nu ọ̀nà sọ pé òfin ò pa aboyún. Ó ní wọ́n á dúró kí n bí i. Ṣé lóòótọ́ ni?"

Kosútíù ò lè purọ́ fún un. "Lóòótọ́ ni."

"Lẹ́yìn náà ńkọ́?"

Kosútíù ní kí wọ́n gbé omi àti búrẹ́dì fún un, ó sì fi ìbínú jáde.

Rúfínù kì í gbé ládùúgbò wa. Owó bàbá rẹ̀ ti sọ ọ́ dọmọ ẹgbẹ́ àwọn ọlọ́lá olórùka wúrà, orí òkè Kélíù ló kọ́lé sí, ó sì ń múra láti dupò nínú ìlú. Ó ti tó ọdún mẹ́ta tó ti kọjá afárá wá sọ́dọ̀ wa lójú ọ̀sán gbẹ̀yìn. Ìgbà tí Kosútíù wọlé, ẹrú kan kúnlẹ̀ tó ń wọ bàtà fún un. Bàtà ọlọ́lá ni, awọ rírọ̀ tó bo gbogbo ẹsẹ̀. Ó ní okùn mẹ́rin, ẹrú náà sì ń wé wọn mọ́ ojúgun rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó so wọ́n ní kókó síwájú. Ìbọ̀sẹ̀ irun àgùntàn ló wà nínú bàtà náà, bẹ́ẹ̀ ìgbà òtútù ti lọ. Rúfínù ò tiẹ̀ wo ohun tí ẹrú náà ń ṣe.

"Ẹ kú ìrọ́jú, ọ̀gá," ni Kosútíù wí. "Níbo lẹ wà lọ́sàn-án ọjọ́ náà?"

"Mò ń sun oorun ọ̀sán. Bi àwọn ẹrú mi tó bá wù ọ́. Àmọ́ o mọ̀ pé òfin ò gbà kí ẹrú jẹ́rìí lòdì sí olówó rẹ̀." Ó fi etí aṣọ nu ojú tí omi kankan ò sí níbẹ̀. "Ìgbà wo lẹ máa pa wọ́n? Ọ̀rọ̀ tó hàn kedere báyìí, kí lo ń wá kiri?"

"Hédónè ní bàbá yín fẹ́ fẹ́ òun."

"Ẹrúbìnrin tó bá ti rí àgbélébùú níwájú, kí ni kò ní sọ?" Rúfínù rẹ́rìn-ín músẹ́. "Mo gbọ́ pé ẹrú aránbàtà ló bí ìwọ náà. Àánú àwọn èèyàn rẹ ló ń ṣe ọ́."

"Aránbàtà ló bí ẹ̀yin náà, ọ̀gá," ni Kosútíù wí.

Ojú Rúfínù le. Ó ta ẹrú tó kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀ nípàá, ó sì ní kí wọ́n sin Balógun jáde.

Nígbà tí Kosútíù fi padà dé ọgbà ẹ̀ṣọ́, wọ́n ti gbé Tráníò gun ẹṣin onígi. Orúkọ lásán ni ẹṣin yìí, igi ni, tí wọ́n fi ń na ẹni lápá lẹ́sẹ̀ títí oríkèé yóò fi yọ. Òfin ò gba ẹ̀rí ẹrú àfi tó bá ti ibẹ̀ wá. Èjìká òsì ti yọ. Wọ́n yí igi lẹ́ẹ̀kan sí i, ti ọ̀tún yọ pẹ̀lú ìró tí àwọn ẹ̀ṣọ́ pàápàá fi ojú sá fún. Pẹ́tù mú irin gbígbóná wá, ó fi lé e níhà, òórùn ẹran sísun gba inú yàrá náà.

"Èmi ni!" Tráníò ké. "Èmi ni mo pa á. Òòlu tí a fi ń lu awọ ni mo fi gún un láyà."

"Láyà?" ni Kosútíù bi í.

"Níbi tí ẹ bá fẹ́, ọ̀gá mi. Ibi tí ẹ bá ṣáà fẹ́."

Pẹ́tù ti gbé ìjẹ́wọ́ náà lọ fún ọ̀gá àgbà ẹ̀ṣọ́ ìlú kí Kosútíù tó débẹ̀. Ọ̀gá àgbà jẹ́ arúgbó tí ìdájọ́ ti sú. Ó ní lọ́la ni wọ́n máa sun òkú Sábídíù, lẹ́yìn oúnjẹ ìsìnkú sì ni wọ́n máa kan àwọn ẹrú mọ́gi lẹ́yìn ibodè. Kosútíù ní ẹrú náà jẹ́wọ́ ohun tí kò ṣẹlẹ̀, torí ọ̀bẹ ló pa Sábídíù, ọ̀fun ni wọ́n sì gé.

"Wá ẹni tó máa jẹ́wọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ nígbà náà," ni ọ̀gá àgbà dá a lóhùn. "Títí oúnjẹ á fi parí ni mo fún ọ. Àmọ́ kó o mọ̀ o: tó o bá fọwọ́ kan olórùka wúrà láìsí ẹ̀rí, ìwọ ni wọ́n á fi pé ogún."

Kosútíù padà sí ṣọ́ọ̀bù Sábídíù. Ó bọ́ bàtà rẹ̀, ó ki ẹsẹ̀ lásán bọ ti Tráníò, ó sì rìn nínú omi kòtò, ó jáde, ó rìn yí ọgbà ká. Hédónè ń wò ó láti ìdí òpó, ó rò pé orí rẹ̀ ti dàrú. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, ó bọ́ bàtà náà, ó fi omi kànga wẹ ẹsẹ̀, ó gbé e lé orúnkún kejì, ó sì wo àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ fún ìgbà pípẹ́.

"Kí lẹ rí, ọ̀gá?"

"Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ," ni Kosútíù wí. "Jẹun, Hédónè. Ọmọ inú rẹ ò mọ̀ pé ẹjọ́ wà nílẹ̀."

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, wọ́n sun Sábídíù lẹ́yìn ìlú. Gẹ́gẹ́ bí àṣà wa, ẹsẹ̀ lásán ni ọmọ ń fi wọ inú eérú láti ṣa eegun bàbá rẹ̀. Rúfínù ṣa á pẹ̀lú omijé, eérú bo ẹsẹ̀ rẹ̀ dé ojúgun, gbogbo ènìyàn sì sọ pé ọmọ gidi ni. Wọ́n tò padà sílé rẹ̀ fún oúnjẹ ìsìnkú. Lẹ́nu ọ̀nà, àwọn ẹrú ń bọ́ bàtà àwọn àlejò, wọ́n ń fi omi lílọ́wọ́ọ́rọ́ wẹ ẹsẹ̀ wọn, torí kò sẹ́ni tó ń gbé bàtà tàbí ìdọ̀tí gun àga ìrọ̀gbọ̀kú láti jẹun nílùú wa. Ẹlẹ́dẹ̀ nìkan ló ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí wọ́n dé ọ̀dọ̀ Rúfínù, ó fa ẹsẹ̀ sẹ́yìn. "Ẹ fi í sílẹ̀. Mo ti jẹ́ ẹ̀jẹ́ pé omi ò ní kan ẹsẹ̀ mi títí wọ́n á fi kan àwọn tó pa bàbá mi mọ́gi." Ó gbé ẹsẹ̀ eléérú náà lé orí aṣọ elésèé àlùkò. Àwọn àlejò mi orí. Ẹyin àti ẹ̀wà ti wà nílẹ̀, wọ́n sì ti bù wáìnì, kí Kosútíù, tó ti gbọ́ gbogbo rẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà, tó wọlé láìpè, pẹ̀lú Pẹ́tù lẹ́yìn rẹ̀ àti àpò kan lọ́wọ́.

"Ta ló pè ọ́?" ni Rúfínù bi í.

"Bí a bá ń sunkún, à á máa ríran, ọ̀gá. Ẹ̀jẹ́ yín ló pè mí. Ẹ jẹ́ kí n fọ ẹsẹ̀ yín."

"Ọmọ ẹrú, jáde nílé mi."

Kosútíù gbé ìkòkò wáìnì tó sún mọ́ ọn, ó sì da gbogbo rẹ̀ sórí ẹsẹ̀ Rúfínù. Ariwo sọ. Rúfínù fi gìgísẹ̀ gbá a lójú, egungun imú rẹ̀ ṣẹ́, ẹ̀jẹ̀ ya. Ọ̀bẹ ẹran ti dé ọwọ́ Rúfínù. Pẹ́tù, tí kò fẹ́ wá tẹ́lẹ̀, tó sì fẹ́ fa ọ̀gá rẹ̀ sẹ́yìn, ló fi èjìká gba ọ̀bẹ náà. Kosútíù di ọwọ́ ọlọ́bẹ náà mú, ó lọ́ ọ sẹ́yìn títí ó fi kán, ó sì dojú Rúfínù bo àárín àwọn abọ́. Ó jókòó lé itan rẹ̀, ó gbá ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ mú, ó fi aṣọ ìnuwọ́ nu eérú àti wáìnì kúrò.

"Ẹ̀yin ọlọ́lá, ẹ súnmọ́ ibí."

Wọ́n súnmọ́ ọn. Àtẹ́lẹsẹ̀ náà ti bó, ó pupa, torí Rúfínù ti fi òkúta ìfọsẹ̀ ha á títí awọ fi ṣí. Síbẹ̀ àmì dúdú ṣì wà níbẹ̀, rìbìtì rìbìtì, wọ́n tò bí ìgbà tí èèyàn fi ìka kan tàdáwà. Wọ́n yí gìgísẹ̀ po, ọ̀kan sì wà láàárín. Kosútíù yọ bàtà Tráníò nínú àpò, ó gbé ìdí rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ náà. Kò sẹ́ni tó ní láti ka ìṣó.

"Ìdọ̀tí ọ̀nà ni," ni Rúfínù wí láti inú ẹ̀wà tó fi ojú bò.

"Ẹ gbọ́ bí ìdọ̀tí náà ṣe débẹ̀," ni Kosútíù wí. Ó ń tu ẹ̀jẹ̀ imú rẹ̀ bó ṣe ń sọ̀rọ̀. "Kókó okùn ló kọ́kọ́ ṣe mí ní kàyéfì. Okùn bàtà iṣẹ́, inú ihò ni wọ́n ń ki í. Ẹni tó wọ èyí wé e mọ́ ojúgun lẹ́ẹ̀mẹrin, ó so ó níwájú, bí bàtà ọlọ́lá. Ẹni tí kò tíì di bàtà fún ara rẹ̀ rí láyé ni, tó kàn máa ń rí i lẹ́sẹ̀ ara rẹ̀ tí wọ́n bá ti dì í tán. Ìdí nìyẹn tí bàtà náà fi ń wọ́ nílẹ̀. Okùn awọ tó tutù sì máa ń fún pọ̀. Kò lè tú ti ẹsẹ̀ ọ̀tún, ó gé e; ti òsì dẹ̀, ó fà á bọ́. Ẹrú kankan ò jẹ́ gé okùn bàtà rẹ̀ láéláé."

"Àwọn àmì yìí ńkọ́?" ọ̀kan nínú àwọn àlejò béèrè.

"Tí a bá fẹ́ pa awọ ní dúdú, irin là ń fi sínú omi èèpo óákù. Bàbá mi ló ń po omi náà, èmi ni mo ń gbé e. Bàtà Tráníò sun inú omi yẹn mọ́jú, ìṣó rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé, ẹnu ìṣó sì yọ díẹ̀díẹ̀ nínú bàtà. Tàdáwà ti wà lórí ìṣó kọ̀ọ̀kan kí apànìyàn tó ki ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́. Ẹsẹ̀ Tráníò dúdú látòkè délẹ̀, kò lè fi nǹkan kan hàn. Apànìyàn náà bọ́ bàtà olówó iyebíye tirẹ̀ kí ẹ̀jẹ̀ má bàa kàn án, ó wọ ti ẹrú kí ẹrú lè gba ẹ̀bi. Ẹ tiẹ̀ wò ó." Ó bọ́ bàtà òsì tirẹ̀, ó gbé ẹsẹ̀ náà sókè. Àmì kan náà wà lábẹ́ rẹ̀. "Mo wẹ̀ ẹ́ títí, kò lọ."

Rúfínù gbé orí sókè. Kò purọ́ mọ́. "Ó fẹ́ kí n máa pe ẹrú ní ìyá. Ó fẹ́ kí n máa pe ọmọ inú rẹ̀ ní àbúrò, kí gbogbo ìlú máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Mo bẹ̀ ẹ́ kó tó di pé mo gé e."

"Ọ̀bẹ pa ẹnì kan," ni Kosútíù wí. "Òfin lo fẹ́ fi pa àwọn yòókù, pẹ̀lú àbúrò rẹ."

Pẹ́tù, tó fi ọwọ́ di ojú ọgbẹ́ èjìká rẹ̀, ló sáré lọ sí ibodè. Igi ti wà léjìká àwọn ẹrú, wọ́n sì ti gbẹ́ kòtò àkọ́kọ́. Ó ní kí wọ́n tú wọn. Tráníò nìkan ni kò lè gbé igi tirẹ̀, orí pákó ni wọ́n tẹ́ ẹ sí. Apá rẹ̀ méjèèjì kò padà bọ̀ sípò mọ́ títí ó fi kú, bẹ́ẹ̀ ni Pẹ́tù kò bẹ̀ ẹ́ rí. Ọ̀rọ̀ yẹn ṣì ń dùn mí.

Wọ́n ka ìwé ogún Sábídíù lẹ́yìn ìdájọ́, nínú rẹ̀ ni Hédónè àti Tráníò ti gba òmìnira. Ẹni tó bá pa bàbá rẹ̀, ìyà tirẹ̀ yàtọ̀ lábẹ́ òfin wa. Wọ́n á nà án títí ẹ̀jẹ̀ á fi bò ó, wọ́n á de pákó mọ́ ọn lẹ́sẹ̀ bíi bàtà, kí ẹsẹ̀ rẹ̀ má bàa tún kan ilẹ̀, wọ́n á fi awọ ìkookò bò ó lórí, wọ́n á sì rán an mọ́ inú àpò awọ màlúù pẹ̀lú ajá, àkùkọ, paramọ́lẹ̀ àti ọ̀bọ, wọ́n á jù ú sódò. Ilé ẹjọ́ ní kí àdúgbò wa pèsè àpò náà. Ṣọ́ọ̀bù Sábídíù nìkan ló ní awọ tó fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀.

Kosútíù lọ bá Hédónè níbi tó ti ń gé awọ àpò náà. Tráníò jókòó tì í, apá rẹ̀ dubúlẹ̀ lórí itan bí ohun tí kì í ṣe tirẹ̀, ó ń sọ ibi tó yẹ kí ọ̀bẹ gbà fún un.

"Kò sẹ́ni tó lè pàṣẹ fún ọ mọ́," ni Kosútíù wí. "Obélíù lè rán an."

"Mo mọ̀, ọ̀gá. Èmi ni mo ní kí wọ́n gbé e wá."

Kosútíù wo ọwọ́ Hédónè bó ṣe ń lọ. "Tó bá jẹ́ pé ìwọ lo máa rán an, rán an gbàgẹ̀rẹ̀. Kí omi lè tètè wọlé, kó má pẹ́ jù nínú rẹ̀."

Hédónè gbé ojú sí apá Tráníò, ó sì gbé e sí Kosútíù. Ó fi ìda pa okùn, ó fi abẹ́rẹ́ méjì gba inú ihò kan náà láti ọ̀tún àti òsì, ó sì fà á títí awọ fi lẹ̀ mọ́ra. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe rán an láti òpin dé òpin, láìyára.

Gbogbo wa la dúró létí odò láàárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n jù ú. Àpò náà rì, ó sì tún léfòó. Omi ò wọ inú rẹ̀ bọ̀rọ̀. A ń gbọ́ ohùn ajá, a ń gbọ́ ohùn Rúfínù tó ń pe bàbá rẹ̀, títí omi fi gbé wọn kọjá afárá ìsàlẹ̀. Hédónè dúró síbẹ̀ títí kò fi gbọ́ nǹkan kan mọ́, ó wá padà sílé láti lọ yí awọ inú kòtò.